Nọ́ńbà Ara Agolo: Epo Ẹ́ńjìnnì fún Ọkọ̀ 404

Lónìí, ọ̀rọ̀ epo ẹ́ńjìnnì la fẹ́ sọ. Kì í ṣe ẹ́sánsì tí ọkọ̀ ń jó là ń wí o. Epo tí a ń dà sínú ẹ́ńjìnnì kí irin má baà máa ha irin ni.

Irú epo tiwa wà lára ohun tí òyìnbó kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1841, Victor Régis, oníṣòwò ará Marseille, tẹ̀dó sí Ouidah, ó ń ra epo pupa. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n ń fi í ṣe jù lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí rélùwéè dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n po epo ọ̀pẹ mọ́ ọ̀rá ẹran àti sódà, wọ́n fi ń pa ìdí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ ò rí i pé epo ọ̀pẹ ti ń bá kẹ̀kẹ́ rélùwéè yí tipẹ́, kí rélùwéè Kútọnù tó dé Ṣábẹ̀ẹ́ níbí ṣáájú ogun 1914.

Àléébù epo pupa ni pé ooru púpọ̀ a máa bà á jẹ́. Ní 1859, wọ́n gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Ní 1866, John Ellis bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe epo ẹ̀rọ láti inú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni epo inú ilẹ̀ gba ipò epo ọ̀pẹ.

Epo wá pọ̀ lọ́jà, ọ̀kan ki, ọ̀kan ṣàn. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tí yóò rà? Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní SAE, fi nọ́ńbà sí i. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni epo ṣe ki tó. Kì í ṣe máàkì ilé ìwé o, níbi tí ọmọ tó gba 20 ti ju ọmọ tó gba 10 lọ. Ó dà bí ìgbà tí a bá sọ pé ẹ̀kọ yìí ki, tọ̀hún ṣàn.

Ẹ̀yin náà ti rí epo pupa láàárọ̀ ọyẹ́: ó dì sínú ìgò, kò fẹ́ jáde. Bí oòrùn bá mú un, ó yọ́, ó ń ṣàn. Epo ẹ́ńjìnnì náà ń ki nínú òtútù, ó ń ṣàn nínú ooru. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà méjì fi wọ́pọ̀ lára agolo láti bí ọdún 1950 síwájú. Nínú 20W-50, 20W ń sọ bí epo ṣe rí nígbà òtútù, 50 ń sọ bí ó ṣe rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná.

Ó wá kan Peugeot 404. Ọdún 1960 ló jáde, ọdún tí Dahomey gba òmìnira. Báṣẹ́ rẹ̀ ti ru iṣu, ewúrẹ́ àti èèyàn fún wa púpọ̀. Àlàfo tó wà láàárín irin àti irin nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọkọ̀ òde òní lọ, ogbó sì tún fi kún un. Epo tó ṣàn gan-an, bíi 0W-20, ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ṣe é fún.

Bàbá awakọ̀ kan tí mo mọ̀ ra irú rẹ̀. Kò lè ka ara agolo, ẹni tó tà á kò sì kà á fún un. Lọ́nà Tchaourou, iná pupa tàn níwájú rẹ̀. Ó ní iná ló bàjẹ́, ṣebí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo tuntun ni. Ó ń lọ. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì gan pátápátá, iṣu oníṣu sì wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Mẹkáníìkì bi í pé, “Bàbá, epo wo lẹ dà sí i?”

Ó ní, “Èyí tó wọ́n jù ni.”

Fún irú ọkọ̀ yìí, nínú ooru tiwa, 20W-50 ló bá a mu. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé èyí tó ki jù ló dára jù: 50 lásán, láàárọ̀ ọyẹ́, a máa pẹ́ kó tó gòkè dé orí ẹ́ńjìnnì, irin á sì ti máa ha irin.

Epo òde òní tún ní èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí bí ọṣẹ. Ó dára, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọn kò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀. Epo tuntun a tú u, ẹrẹ̀ náà a sì lọ dí ihò tí epo ń gbà. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ tú àwo ìsàlẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tètè pààrọ̀ epo àkọ́kọ́ tí ẹ bá dà sí i.