Eré Mẹ́ta Dúró Ládiípọ̀ lórí Àwọn Ọba Ọ̀yọ́ àti Orí Ìtàgé tí ó Bí Wọn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti fi Ọba Kò So kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni pé ìwé kan tí ó dá dúró ni. A máa ń béèrè nípa ìwà Ṣàngó, ti Ọya àti ti Gbọ̀ǹkáà, a sì máa ń ní kí wọ́n ṣàlàyé ọfọ̀ inú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀kan nínú eré mẹ́ta tí ó tan mọ́ ara wọn ni, àti pé orí ìtàgé ni a ti bí wọn kí wọ́n tó di ìwé.

Òṣogbo ni a ti bí Dúró Ládiípọ̀ ní 1931. Katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ sì ni òun náà kí ó tó di eléré. Ní 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù bàtá sí i. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ, nítorí ìlù Ṣàngó ni a mọ bàtá sí. Ládiípọ̀ kò sọ ìlù rẹ̀ nù. Ibòmíràn ni ó wá fún un. Nígbà tí òun àti Ulli Beier ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo ní 1962, Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Ọba Kò So ni wọ́n fi ṣe àjọ̀dún kìíní ní 1963. Ọba Wàjà tẹ̀ lé e ní 1964, ọdún tí Ọba Kò So dé Berlin.

Ìtàn Ọ̀yọ́ ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ṣùgbọ́n okùn mìíràn tún wà níbẹ̀: ta ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀? Nínú Ọba Mọ́rọ̀, Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìlú kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́. Àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán ènìyàn láti ṣe bí ọ̀rọ̀ ní ibi tí a fẹ́ tẹ̀dó sí. Ọba mú àwọn ọ̀rọ̀ náà, ọba borí. Nínú Ọba Kò So, Ṣàngó fẹ́ dẹ Gbọ̀ǹkáà sí Tìmì kí ọwọ́ àwọn méjèèjì lè rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tẹ̀ náà yí lu òun fúnra rẹ̀. Nínú Ọba Wàjà, tí a gbé ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Aláàfin Ládìgbòlù ní ìparí 1944, agbára ti bọ́ lọ́wọ́ ọba àti ìjòyè. Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ni ó dí Ẹlẹ́ṣin Ọba lọ́wọ́ láti bá ọba lọ, ọmọ Ẹlẹ́ṣin sì kú dípò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ méjì yòókù yóò rí i pé ìṣubú Ṣàngó ju ọ̀ràn ìbínú lásán lọ.

Ní ti ìwé, inú téèpù tí a gba eré náà sí ni R. G. Armstrong, Awujọọlá àti Ọláyẹmí ti da Ọba Kò So kọ fún ẹ̀dà tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1972. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni téèpù gbé dé ojú ìwé. Ìlù àti ijó kò lè bá a débẹ̀. Nítorí náà, oríkì tí ó dà bí àsọtúnsọ lójú ìwé lè jẹ́ ibi tí bàtá ti ń dá ọba lóhùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé ń wí ohun kan náà ṣáá, tí a sì fún un ní máàkì, àwa ni a kò kọ́ ọ dáadáa.

Ládiípọ̀ kú ní 1978, kò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti gbé Ṣàngó jáde fún wa. Ẹ jẹ́ kí a máa jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ bàtá kí wọ́n tó ka ọfọ̀ Tìmì àti Gbọ̀ǹkáà, kí wọ́n sì dìde sọ ọ́ lójú ẹgbẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa olùdánwò náà máa béèrè ohun tí òǹwòran rí àti èyí tí ó gbọ́, yàtọ̀ sí ohun tí òǹkàwé kà.