Ará Oko, Ará Òkè, Ará Igbó: Ojú Tí Ìwé Ìròyìn Amẹ́ríkà Fi Wo Hakeem Ọlájuwọ́n

Kí ọdún 1907 tó parí, ojú irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń là láti Èkó ti kọjá Ìbàdàn, ó ti dé Òṣogbo, Lálúpọn sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún ọmọ Lálúpọn láti gbé ẹrù rẹ̀ wọ ọkọ̀, kí ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀nà ti kúrú, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ń dúró dè é níbẹ̀ kò yí padà: ará oko ni. Ará ìlú kì í béèrè bóyá káfíńtà ni àlejò náà tàbí olùkọ́. Bí ó bá rọra sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ojú ìlú ni ó ń tì í. Bí ó bá gbé ohùn sókè, wọ́n á ní ohùn tí ó fi ń lé ẹyẹ lóko ni. Ohun yòówù kí ó ṣe, orúkọ náà ti ní àlàyé fún un nílẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó burú níhìn-ín ni pé wọ́n ti sọ ọ́ lọ́jọ̀ tán kí wọ́n tó rí i.

Orúkọ bẹ́ẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Ará Ìbàdàn tí ó pe ọmọ Lálúpọn ní ará oko yóò gbọ́ tirẹ̀ bí ó bá dé Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí ará òkè ni ọmọ Èkó ń pe ẹni tí ó bá ti inú ilẹ̀ wá. Ọmọ Èkó náà sì ní ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é. Ní ọdún 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ga bí ọ̀pẹ kúrò ní Èkó, ó dé Amẹ́ríkà, ó sì bá a níbẹ̀ pé ará igbó ni òun.

Hakeem Ọlájuwọ́n ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963. Òwò sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe. Ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́ ti Mùsùlùmí ní Èkó, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gbá, ojú ilé ni ó sì ń ṣọ́. Ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ kan ni ó sọ nípa rẹ̀ fún Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Àwọn ará Houston kò retí ohun púpọ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó balẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, kò bá ẹnikẹ́ni tí ó wá pàdé rẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní kí ó wọ takisí máa bọ̀.

Èkó tí ó ti wá kì í ṣe ẹgàn. Pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè ti parí ní ọdún 1972, ibẹ̀ sì ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti péjọ ṣe ìdíje eré ìdárayá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, nígbà tí Ọlájuwọ́n di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 1977, gbogbo aráyé aláwọ̀ dúdú tún pàdé ní Èkó fún àjọ̀dún FESTAC. Síbẹ̀, ó di dandan fún ọmọ yìí láti máa ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà pé ìlú ńlá ni ìlú òun, pé mọ́tò ni àwọn ń wọ̀ níbẹ̀, àti pé òun kò bá kìnnìún gbé. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àwọn akọ̀ròyìn fẹ́ràn láti fi ṣe àpèjúwe rẹ̀: wọ́n ní ó ṣì tútù, bí iṣu tí kò tíì dé orí iná. Òtítọ́ wà níbẹ̀, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré náà ni. Ṣùgbọ́n iṣu kì í se ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ní tútù, wọ́n ti pín ọlá tí yóò ní lọ́jọ́ iwájú: tirẹ̀ ni ara, ti àwọn tí ó kọ́ ọ ni ọgbọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó wà nínú ìtàn rẹ̀ kò fara jọ èyí rárá. Láti ọdún 1980 títí di ọdún 1981, òfin kò jẹ́ kí ó bá yunifásítì rẹ̀ díje. Ní àkókò ìsinmi, ó máa ń lọ sí gbọ̀ngàn ìṣeré kan ní Houston tí wọ́n ń pè ní Fonde, níbi tí ó ti ń bá Moses Malone figẹ̀ wọngẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Malone yìí gba oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó mókè jù lọ láàárín àwọn tí ó fi eré náà ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá ń fi èjìká gbá kiri lójoojúmọ́ yóò yá kọ́ ohun tí ó yẹ, tàbí kí ó lọ sílé. Ọlájuwọ́n kò lọ sílé. Ní ọdún 1982, 1983 àti 1984, Houston wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje àwọn yunifásítì. Ní ọdún 1983, North Carolina State fi àmì 54 sí 52 borí wọn ní àṣekágbá, síbẹ̀ Ọlájuwọ́n ni wọ́n yàn ní ẹni tí ó ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún gba oyè yẹn láti inú ẹgbẹ́ tí wọ́n borí. Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ Houston Rockets kọ́kọ́ mú un kí ẹnikẹ́ni tó mú Michael Jordan, tí ó ṣe ipò kẹta.

Ohun tí ó ń fi ẹsẹ̀ ṣe lójú pápá ni ó yẹ kí akọ̀ròyìn tí ó ní ojú inú gbé yẹ̀ wò. Ó máa kẹ́yìn sí alátakò, ó máa fi èjìká hàn án ní apá ọ̀tún, yóò ti yí ẹsẹ̀ padà sí òsì, yóò sì tún padà sí ọ̀tún nígbà tí onítọ̀hún bá ti fò mọ́ afẹ́fẹ́. Ọlájuwọ́n fúnra rẹ̀ sọ pé inú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti àfọwọ́jù tí òun gbá ní Èkó ni òun ti mú ìmọ̀ yìí wá. Nítorí náà, ohun tí wọ́n rò pé kò mú wá ni ó mú wá jù lọ. Àwọn kan pe ìṣesí yìí ní ijó. Ìyìn ni, ṣùgbọ́n ìyìn tí ó tún dá a padà sínú ara ni. Ìṣirò ni ọkùnrin náà ń ṣe, ó ń ka ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn yóò kúrò nílẹ̀.

Kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni. Ní ọdún 1977, àwọn olùwádìí méjì tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ìyìn kò dọ́gba láàárín funfun àti dúdú tí iṣẹ́ wọn dọ́gba. Ní oṣù kẹrin ọdún 1987, Al Campanis, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ Dodgers ti Los Angeles, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ó lè jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú kò ní ohun tí ẹni tí yóò darí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Isiah Thomas, agbábọ́ọ̀lù Detroit, ṣàlàyé ohun tí ó ń dùn ún: bí Larry Bird tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun bá ṣe dáadáa, wọ́n á ní ó ronú, ó sì ṣiṣẹ́, bí dúdú bá ṣe ohun kan náà, wọ́n á ní bí wọ́n ti bí i nìyẹn. Ní ọdún 1989, Derrick Jackson, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Boston Globe, jókòó ka ọ̀rọ̀ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá a pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni: ọ̀rọ̀ ọpọlọ pọ̀ fún funfun, ọ̀rọ̀ ara pọ̀ fún dúdú. Abẹ́ òrùlé yìí ni ọmọ Èkó náà bọ́ sí, tí wọ́n sì tún fi igbó Áfíríkà kún un fún un.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò yọ nínú rẹ̀. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní Houston, bí ó ti bọ́ sí akọ̀wé lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Akeem ni wọ́n ń kọ títí di oṣù kẹta ọdún 1991, nígbà tí ó kéde pé Hakeem ni, ó sì fi yé wọn pé òun kò yí i padà, òun tún un ṣe ni. Lóòótọ́, ẹnu Yorùbá pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà pe ohùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu ilé yàtọ̀ sí ẹnu òde, ẹni tí ó sì ni orúkọ ni ó ni ẹ̀tọ́ láti sọ bí yóò ti rí.

Ní ọdún 1992, ìjà dé láàárín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní iṣan itan ń dun òun. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní ó ń díbọ́n nítorí owó. Inú bí i, ó ní òun fẹ́ máa lọ. Ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn wà nínú ìjà náà lóòótọ́, kò sì yẹ kí gbogbo rẹ̀ di ti ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti kà sí ara nìkan, ìrora rẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí. Ó dúró nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 1994, ó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó mókè jù lọ, ti ẹni tí ó mọ ilé ṣọ́ jù lọ, àti ti ẹni tí ó ta yọ ní àṣekágbá. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sáà kan ṣoṣo. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1995, tí kò jẹ tí kò sì mu láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ fún oṣù náà. Houston tún gba ife ní ọdún yẹn.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù dé lẹ́yìn tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ọdún 2002. Àwọn ògbóǹtarìgì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kobe Bryant wá, Dwight Howard wá, LeBron James sì wá ní ọdún 2011. Wọ́n wá kọ́ bí wọn yóò ti máa yí ẹsẹ̀. Gíga kò ṣeé kọ́, agbára kò ṣeé yá lò. Ohun tí ó ṣeé fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni ìmọ̀.

Ẹgbẹ́ Houston yìí kan náà ni igi náà ti yí ìdí rẹ̀ kejì padà. Ní ọdún 2002, wọ́n mú Yao Ming, ọmọ Shanghai ní Ṣáínà, tí gíga rẹ̀ tó mítà 2.29. Charles Barkley fi í ṣe ẹlẹ́yà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ta tẹ́tẹ́ pé kò ní gba àmì 19 nínú ìdíje kan; kí oṣù kọkànlá tó parí, Yao gba 20, Barkley sì fi ẹnu ko ìdí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Shaquille O'Neal sín èdè Ṣáínà jẹ fún un, ó sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Àwọn Yorùbá kò lè fi gbogbo ẹnu rojọ́ níhìn-ín, nítorí ọjà ayédèrú ni wọ́n ń pè ní ọjà Ṣáínà láti Dùgbẹ̀ títí dé ọjà oko.

Jeremy Lin ni ọ̀rọ̀ náà ba jẹ́ jù. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1988; Taiwan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó darí ilé-ìwé rẹ̀ gba ife ìpínlẹ̀ California ní ọdún 2006, síbẹ̀ kò sí yunifásítì ńlá kan tí ó fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ̀ ọ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Ó lọ sí Harvard. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 2010, kò sí ẹgbẹ́ tí ó mú un. Bí ó bá sáré kọjá ẹnìkan, wọ́n á ní eré rẹ̀ ju bí ojú rẹ̀ ti rí lọ, bí ẹni pé ojú ni ènìyàn fi ń sáré. Ọpọlọ ni wọ́n fún un, wọ́n fi ara dù ú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, Houston náà lé e lọ. New York gbà á, wọ́n fi í jókòó sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2012, ó bọ́ sójú pápá, ó gba àmì 25. Ní ọjọ́ 10, ó gba 38 lójú Los Angeles Lakers. Ìdíje méje ni New York borí léraléra. Bí wọ́n ti pàdánù ẹ̀kẹjọ báyìí, ilé iṣẹ́ ESPN gbé àkọlé kan jáde ní òru, tí ó fi àṣà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣeré, èyí tí èébú fún ọmọ Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò kíákíá, wọ́n sì lé ẹni tí ó kọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lin ní òun ti dárí jì í.

Daryl Morey, tí ó ń darí Houston nígbà tí wọ́n lé Lin, jẹ́wọ́ pé àwọn ìbá ti mú un dúró. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rọ ti wọn eré ọmọ náà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ìwọ̀n náà sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn, tí ó fi mọ́ òun, ni ó ń wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, òun kò sì rí ìdí mìíràn ju pé ọmọ Éṣíà ni. Ó wá ṣòfin fún àwọn tí ń bá a yan agbábọ́ọ̀lù: ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọmọ kan wé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi í wé ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Kò pẹ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi rí ẹni tí wọn yóò fi wé ẹnikẹ́ni mọ́.