George Paterson: Oníṣòwò Ará Skọ́tíláǹdì Tí Orúkọ Rẹ̀ Wà ní Ìlúpéjú

George Paterson ni ọmọ Skọ́tíláǹdì tí òun àti George Zochonis, ọmọ Gíríìkì, jọ dá ilé òwò Paterson Zochonis sílẹ̀ ní Sàró lọ́dún 1879. Òun ló ni lẹ́tà P tó wà nínú PZ. Láti Maryland, ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìkòròdú sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Ìlúpéjú kò ní pẹ́ dé Town Planning Way, níbi tí olú-iléeṣẹ́ PZ Cussons ní Nàìjíríà wà. Àwọn ọmọ Skọ́tíláǹdì mìíràn ṣòwò ní etíkun wa, wọ́n sì lówó lọ́wọ́, àmọ́ orúkọ wọn ti pòórá. Ohun tó jẹ́ kí ti Paterson ṣẹ́kù ni pé ilé òwò rẹ̀ fi epo rírà sílẹ̀ lásìkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í se ọṣẹ.

Àwọn kan ti lànà kó tó dé. Macgregor Laird, ọmọ ìlú Greenock, kó ọkọ̀ ojú omi tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ wọ odò Ọya lọ́dún 1832. Nínú òyìnbó 48 tó lọ, mẹ́sàn-án péré ló yè. Ọdún 1854 ni ọkọ̀ Pleiad, tí Laird fi ránṣẹ́, tún gba ọ̀nà kan náà lọ. Baikie, dókítà ọmọ Orkney, ló darí rẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ń lo kuníìnì lójoojúmọ́, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún òwò ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí Laird dá sílẹ̀ lọ́dún 1852, tó ń gbé lẹ́tà àti ẹrù wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà déédéé. Kí ó tó dé, olówó tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ ló lè bá wa ṣòwò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá ti lè san owó ẹrù di oníṣòwò, ìbáà jẹ́ òyìnbó, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti Sàró padà sí Èkó. Ẹnu ọ̀nà yìí ni Paterson àti Zochonis gbà wọlé.

Ọdún 1899 ni wọ́n ṣí ẹ̀ka ní Nàìjíríà. Nígbà náà, oníṣòwò òyìnbó ní Marina ní Èkó sábà máa ń gbé lókè ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà, tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé, ọkọ̀ kékeré ló ń kó ẹrù. Ọdún 1914 ni ọ̀nà tó là fún ọkọ̀ ńlá. Aṣọ Manchester ni òyìnbó ń tà, epo àti èkùrọ́ ló ń rà, àwìn sì ni òwò náà dúró lé: ó ń kó ọjà fún alágbàtà, alágbàtà ń kó o wọ ọjà òkè, epo ń padà bọ̀ nínú àgbá. Wọ́n ní láti yẹ àgbá kọ̀ọ̀kan wò, torí omi àti iyanrìn lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irú àwọn alágbàtà bẹ́ẹ̀ ni Dáníẹ́lì Táíwò, ọmọ Ìṣẹ́rí, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Táíwò Olówó. Láìsí wọn, òyìnbó ì bá jókòó ti aṣọ rẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní àsíá Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe gbogbo rẹ̀: wọ́n yìnbọn lu Èkó lọ́dún 1851, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú lọ́dún 1861. Òótọ́ ni pé ìbọn ló ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì, bíi Gaiser ti Hamburg, wà lára àwọn tó rọ́wọ́ mú jù ní Èkó láìsí àsíá tiwọn níbẹ̀, títí ogun 1914 fi lé wọn jáde. Àsíá lè lé ènìyàn kúrò lọ́jà, àmọ́ kò lè bá a tajà. Ẹ tún wo àwọn Miller, ọmọ Glasgow. Àsíá kan náà bò wọ́n, síbẹ̀ wọ́n wọ inú ẹgbẹ́ oníṣòwò tí George Goldie kó jọ lọ́dún 1879, ohun tó kù lọ́wọ́ wọn sì parẹ́ sínú ilé òwò UAC lọ́dún 1929. Elder àti Dempster, onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, ọmọ Skọ́tíláǹdì méjèèjì, ọkọ̀ wọn kò wá mọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gbé ríra kòkó àti epo fún títà sí òkèèrè lé àwọn Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù lọ́wọ́, wọ́n sì já òwò tí àwọn ilé òwò fi ń jẹun gbà. Ọdún 1948 ni PZ ra ilé ìṣẹ́ ọṣẹ ní Aba. Nígbà tó yá, ó kọ́lé sí Ìlúpéjú, lára àwọn àgbègbè ilé-iṣẹ́ tó yí Ìkẹjà ká. Ọṣẹ Joy, ọṣẹ Elephant, àti agolo Robb tí àwọn ìyá àgbà ń so mọ́ etí ìró, ohun tí tálákà lè fi owó kékeré rà ni gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá ní ìjọba ló ti PZ sídìí ọṣẹ, ó jàre díẹ̀. Òfin ọdún 1972 pẹ̀lú ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà. Àmọ́ gbogbo ilé òwò ni ìjọba tì, gbogbo wọn kọ́ ló wà lónìí.

Àtakò tó le jù ni pé Paterson fúnra rẹ̀ kò se ọṣẹ kankan ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdílé Zochonis ló darí ilé òwò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ló mú un dé ibi tó dé, ìyìn tó pọ̀ jù sì tọ́ sí wọn. Ti Paterson kò ju pé ó mọ ẹni tó yẹ kó bá pawọ́ pọ̀ ṣòwò.