Omi Ọ̀pá Ẹ̀yìn Tú Àṣírí Àrùn

Àrùn rubella kì í sábà yọ àgbà lẹ́nu púpọ̀: ara yóò sú wẹ́wẹ́, ibà díẹ̀ yóò bá a rìn, ó parí. Ọmọ inú ni ó ń bá jà. Ní 1941, ní Sydney ní ilẹ̀ Australia, Norman Gregg, oníṣègùn ojú, kọ̀wé nípa ọmọ 78 tí a bí pẹ̀lú ẹyinjú funfun. Ìyá ọmọ 68 nínú wọn ni ó ti ṣe àrùn náà nígbà oyún.

Ní 1962, àwọn oníṣègùn ní Washington rí ọgbọ́n tí a fi lè dá kòkòrò rẹ̀ mọ̀. Wọ́n kán ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò sí ẹran kíndìnrín ọ̀bọ tí ó wà láàyè nínú ìgò, wọ́n sì fi kòkòrò mìíràn tí ń pa ẹran náà lé e. Bí ẹran náà kò bá kú, a jẹ́ pé rubella ti gba ilé ṣáájú àlejò.

Nígbà tí àrùn náà jà ní Amẹ́ríkà ní 1964 àti 1965, nǹkan bí 20,000 ọmọ ni a bí pẹ̀lú àbùkù. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, bí Heinrich Quincke ti ṣe ní Jámánì ní 1891. Wọ́n bá kòkòrò náà nínú omi àwọn kan, oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìbí. Ara ìyá ti yá. Àrùn kò tí ì fi ọmọ sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1969. Kí obìnrin tó lóyún ni ó yẹ kí ó ti gbà á. Òkèèrè ni a ti í wo igi gogoro.