Asọ̀rọ̀mágbèsì Lójú Agbami

Wọ́n fa wáyà rédíò wọ ilé ní Èkó lọ́dún 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Orúkọ tí àwọn èèyàn sọ àpótí ara ògiri náà ni asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń rojọ́ tàárọ̀ tàlẹ́, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Nínú yàrá, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lójú òkun ilẹ̀ òyìnbó, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1979, ó di ọ̀ràn ikú àti ìyè.

Ọkọ̀ onígbòkun 303 ló gbéra ní Cowes lọ́jọ́ 11 oṣù náà fún ìdíje Fastnet. Wọn yóò yí àpáta Fastnet po ní gúúsù Áyálándì, wọn yóò sì forí lé Plymouth, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 1,120. Edward Heath, tó ti ṣe olórí ìjọba Bìrìtìkó rí, wà níbẹ̀. Ted Turner, tó dá CNN sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ló gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kéékèèké ló pọ̀ jù, àwọn tí èèyàn márùn-ún sí mẹ́jọ ń tù.

Òfin ìdíje béèrè rédíò tí wọn yóò fi gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Kò fi dandan lé ẹ̀rọ tí wọn yóò fi fọhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì gan-an ni! Ní ọ̀sán ọjọ́ 13, àsọtẹ́lẹ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde kò tó ohun tí í ba atukọ̀ onírìírí lẹ́rù. Nígbà tí ìkìlọ̀ ìjì ńlá fi dórí afẹ́fẹ́, ìjì náà ti wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Òru ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ìgbì ga bí ilé alájà, ó ń wó lulẹ̀ lé ọkọ̀ lórí. Nínú yàrá ìsàlẹ̀, omi dé orúnkún, bátìrì já kúrò ní ìdè, agolo oúnjẹ ń fò kiri bí òkò. Àwọn tó tilẹ̀ ní VHF, rédíò tí wọ́n lè fi fọhùn, kò bọ́ nínú ewu. Ohùn ẹ̀rọ náà kì í kọjá ibi tí ilẹ̀ ayé ti tẹ̀ wọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé áńtẹ́nà rẹ̀ sí ṣóńṣó òpó ìgbòkun. Bí òpó bá dá, ohùn bá a lọ.

Ó tó ọkọ̀ 75 tó yí dànù, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ 24 fi í sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì kó sínú ọkọ̀ rọ́bà alátẹ́gùn. Òmíràn nínú rọ́bà wọ̀nyí fà ya lábẹ́ wọn. Nígbà tí òkun rọlẹ̀, 19 nínú ọkọ̀ 24 náà ṣì ń léfòó. Márùn-ún péré ló rì. Atukọ̀ 15 nínú ìdíje náà kú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá àwọn tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́bi: ẹni tó wà nínú òkùnkùn biribiri, tí kò gbọ́ ohùn èèyàn kankan tó ní “dúró, a ń bọ̀”, kí ni yóò dì mú?

Hẹlikọ́pítà gbéra láti ibùdó ológun ní Culdrose, ọkọ̀ ogun Overijssel ti ilẹ̀ Netherlands àti àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà tú jáde, wọ́n sì gba èèyàn tó lé ní 120 là. Ọkọ̀ tí kò lóhùn, àfi kí hẹlikọ́pítà fò wálẹ̀ kó fojú wò ó bóyá alààyè wà níbẹ̀.

Ìwádìí parí kí ọdún náà tó tán, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń sọ tó sì ń gbèsì di dandan nínú ìdíje náà.

Ọdún 19 lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá 1998, ìjì mìíràn ká àwọn tó ń díje láti Sydney sí Hobart mọ́ ojú òkun. Ní ìdíje yẹn, ibi tí ọkọ̀ wà nìkan ni wọ́n ń sọ lórí rédíò. Bí atẹ́gùn ṣe le tó, àṣírí ni, kí alátakò má baà jèrè rẹ̀. Ọkọ̀ kan, Sword of Orion, rú àṣà yìí. Ó sọ fún gbogbo ayé pé atẹ́gùn níwájú ju ti àsọtẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn kan gbọ́, wọ́n yí orí ọkọ̀ padà sí èbúté. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìgbì dojú Sword of Orion fúnra rẹ̀ dé, ó sì gbé ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ lọ.