Ta Ló Di Ẹrù Náà?

Bí wọ́n bá ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ìtàn, ogun Kírìjì tàbí ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré mú. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo mú wá kò tíì pẹ́ púpọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà láàyè, kò sì sí ogun nínú rẹ̀, àfi bí a bá ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024 sí ogun. Èmi kà á sí i. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń di sọ́fítíwià ní ìdì ni, bí ìdì náà ṣe ń rìnrìn àjò, àti bí a ṣe ń tú u sórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á ni èyí tí ìyá oníṣòwò máa ń bi awakọ̀ ní gáréèjì: ta ló di ẹrù yìí, ṣé ẹnì kankan kò sì tú u lójú ọ̀nà?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní ìlú Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Linus Torvalds, kéde pé òun ń kọ ètò tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà. Ètò náà ni a wá mọ̀ sí Linux. Ọkàn ètò nìkan ni Torvalds kọ o. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tó yí i ká wá láti ọ̀dọ̀ Richard Stallman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti kéde iṣẹ́ tí wọ́n pè ní GNU láti ọdún 1983. Gbogbo wọn fi kóòdù wọn sílẹ̀ ní gbangba: ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n wàhálà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ètò kan nígbà náà yóò wá kóòdù rẹ̀ kàn, yóò yí i sí èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó fáìlì kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wá fẹ́ yọ ètò náà kúrò ńkọ́? Ta ni yóò rántí ibi tí ó kó ọgbọ̀n tàbí ogójì fáìlì sí?

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ jọ fún aráyé. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni SLS, tó jáde lọ́dún 1992, àléébù rẹ̀ sì pọ̀. Àléébù yẹn ló bí ọmọ méjì lọ́dún 1993. Patrick Volkerding tún SLS ṣe, ó sì sọ ọ́ ní Slackware. Ian Murdock, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Purdue ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní tòun ò ní jẹ́ àtúnṣe, òun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1993 ló kéde Debian. Orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Debra, ló so mọ́ tirẹ̀.

Èrò Murdock ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Kò ní kí ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo jókòó kó di gbogbo ẹrù. Ó ní kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pín in, kí ìdì kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó tí a mọ̀ lórúkọ, kí òfin kan náà sì de gbogbo wọn, kí ẹrù tí ẹnì kan dì ní Jámánì má baà gbógun ti èyí tí ẹlòmíràn dì ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ṣe é kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ Debian. Bí àáró ni, àfi pé àwọn tó ń ro oko yìí lè má fojú kan ara wọn láé.

Ètò tó ń tú ẹrù náà ni dpkg. Murdock ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Lọ́dún 1994 kan náà, Ian mìíràn, Ian Jackson, tún un kọ lédè C. Ìdì tí dpkg ń tú máa ń ní .deb ní ìparí orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wà níbi ìdána rí yóò tètè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹrù ìyàwó kì í wá láìsí ìwé tí a kọ ohun gbogbo sí. Apá kan ìdì náà ni ẹrù gan-an, ìyẹn àwọn fáìlì tí yóò lọ sí àyè wọn. Apá kejì ni ìwé ẹrù: orúkọ ìdì náà, ẹ̀dà rẹ̀, orúkọ alábòójútó, àti àwọn ìdì mìíràn tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Àṣẹ kéékèèké tún lè wà níbẹ̀, tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe kí ẹrù tó wọlé, lẹ́yìn tó wọlé, kó tó jáde àti lẹ́yìn tó jáde. dpkg ń kọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ sílẹ̀, nítorí náà lọ́jọ́ tí a bá ní kí àlejò máa lọ, kò ní gbàgbé bàtà kankan sẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ àwọn fáìlì ìtò. Ètò kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tí oníkọ̀ǹpútà fi ń sọ bí òun ṣe fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Lórí Linux, abẹ́ àpò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ /etc ni wọ́n máa ń wà. Ká ní mo ti yí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà bó ṣe wù mí, tí ẹ̀dà tuntun ètò náà wá dé pẹ̀lú fáìlì ìtò tirẹ̀, ti ta ni yóò borí? dpkg kì í kàn fi ti tuntun bo tèmi mọ́lẹ̀. Ó máa ń dúró, ó máa ń béèrè: ṣé kí n gba ti alábòójútó, àbí kí n fi tìrẹ sílẹ̀, àbí kí n fi ìyàtọ̀ wọn hàn ọ́? Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì tí kò sọ nǹkan kan, tirẹ̀ ni dpkg yóò fi sílẹ̀. Onílé tó fẹ́ kun ilé lọ́dà, tó kan ilẹ̀kùn ayálégbé kó tó sún àga rẹ̀, ni mo rí níbẹ̀. Kódà bí a bá yọ ètò kan kúrò, fáìlì ìtò rẹ̀ máa ń kù dè wá bóyá a ó padà, àfi bí a bá ní kí dpkg gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Ọ̀rọ̀ ìtò yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Lára àwọn bọ́tìnì-ìtẹ̀wé tí Linux mọ̀, ti Yorùbá wà níbẹ̀. Lórí Debian, bí ẹ bá ṣí fáìlì /etc/default/keyboard, tí ẹ kọ ng síbi tí wọ́n ti ń béèrè orílẹ̀-èdè, tí ẹ sì kọ yoruba síbi tí wọ́n ti ń béèrè irú rẹ̀, bọ́tìnì yín ti di ti Yorùbá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì! Títẹ̀ ẹ́ nìkan kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣá. Ní Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà àgbáyé fi ń to lẹ́tà, ẹ tó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gbé àmì ohùn lé e lórí, ẹ́, kò sí nọ́ńbà kan fún méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti gbé ọ̀kan lé èkejì. Bí ìdì lẹ́tà tó mọ̀ ọ́n gbé kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà náà, àmì yóò máa fò káàkiri bí tata.

Ìdì kan kì í dá rìn, wàhálà kejì sì nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà tokunbọ̀ tó wà nílé wa, mo ti wá ètò ìyàwòrán kan rí. Nítorí pé dátà wọ́n, mo gbé fláàṣì lọ sílé ẹ̀gbọ́n wa kan tó ní ayélujára, mo sì gbé ìdì náà bọ̀ wálé. dpkg ní kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìdì kan báyìí. Mo padà lọ. Ìdì tí mo mú dé náà tún ń béèrè ìdì mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo rìn in lọ́jọ́ náà, ìyá mi sì rò pé oúnjẹ ibẹ̀ ló ń pè mí. Kí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí tó rí ojútùú sí i, gbogbo wọn ló jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, ti Debian àti ti Red Hat, tí Marc Ewing àti Erik Troan kọ RPM fún gẹ́gẹ́ bí ètò ìdì tirẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1990. Orúkọ tí wọ́n sọ ìyà náà ni ọ̀run àpáàdì.

Ètò tí Debian fi jáde nínú rẹ̀ ni APT. Ó kọ́kọ́ hàn lọ́dún 1998, ó sì bá Debian 2.1 jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1999. APT máa ń ka ìwé ẹrù kí ẹrù tó gbéra, ó máa ń ṣírò gbogbo ohun tó yẹ kó bá a wá, a sì kó gbogbo wọn wá lẹ́ẹ̀kan. (Ẹ tẹ apt moo lórí kọ̀ǹpútà Debian, kí ẹ wo ẹran tí yóò jáde sí yín. Àwọn àgbà náà ń ṣeré.) Láti ìgbà náà ni ọjà ti fẹ̀. Debian 1.1, tó jáde lọ́dún 1996, ní ìdì 474. Debian 12, tó jáde lọ́dún 2023, ní ju 64,000 lọ. Lọ́dún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, kọ́ Ubuntu sórí ìpìlẹ̀ Debian, wọ́n sì ń fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri àgbáyé lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọdún 2011.

Ṣùgbọ́n bí ọjà bá ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ̀yin náà kò ní béèrè ẹni tó di ẹrù? Láti Debian 4.0 lọ́dún 2007 ni APT ti ń yẹ èdìdì wò kó tó gba ìdì. Èdìdì náà ń fi dá wa lójú pé ẹnì kankan kò tú ẹrù lójú ọ̀nà. Kò lè fi dá wa lójú pé ohun tí wọ́n dì dára.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà ni èyí hàn. Lọ́dún 2006, ẹni tó ń bójú tó ìdì OpenSSL ní Debian rí i pé Valgrind, irinṣẹ́ tó máa ń ṣọ́ bí ètò ṣe ń lo ìrántí kọ̀ǹpútà, ń kùn nípa ìlà kóòdù kan báyìí. Kí ariwo lè dáwọ́ dúró, wọ́n yọ ìlà náà. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìlà náà ni láti po nǹkan pọ̀ kí ẹnì kankan má lè mọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí kọ̀ǹpútà ń rọ. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ tí irú kọ̀ǹpútà kan lè rọ ní ìwọ̀n kan kò ju 32,767 lọ. Olè lè gbìyànjú gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí Luciano Bello, ọ̀kan nínú àwọn olùṣiṣẹ́ Debian, tó rí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, wọ́n ní kí gbogbo ayé lọ rọ kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi. Ẹni tó fẹ́ ran ìdì náà lọ́wọ́ ló ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi lè bínú sí i.

Ti 2024 yàtọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní xz, tó ń fún nǹkan pọ̀ kó lè kéré. Òun gan-an ni Debian fi ń fún ẹrù inú ìdì rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, Lasse Collin, ló ń bójú tó o, láìgbowó, ó sì ti sọ fún aráyé lọ́dún 2022 pé ara òun kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 2021, ó ń ṣe dáadáa, títí wọ́n fi fún un láṣẹ láti máa gbé ẹ̀dà jáde. Nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ló fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sí. Ọgbọ́n rẹ̀ burú: kóòdù náà máa ń wò ó bóyá ìdì Debian tàbí ti RPM ni wọ́n ń dì lọ́wọ́, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn tó ń di ẹrù gan-an ló ń dọdẹ.

Andres Freund ló tú u fó. Kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe. Ó ń dán ètò mìíràn wò ni, ó wá rí i pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sì rántí pé Valgrind ti kùn sí òun ṣáájú. Valgrind kan náà! Ní 2006 wọ́n pa á lẹ́nu mọ́; lọ́tẹ̀ yìí ẹnì kan tẹ́tí sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024 ló pariwo síta. Ẹ̀dà Debian tí àwọn olùdánwò ń lò ló ti dé. Kò tíì dé èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò.

Debian ní láti dá gbogbo wọn padà sí ẹ̀dà àtijọ́, 5.4.5. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nọ́ńbà ni APT ń wò. Bí nọ́ńbà kò bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò ní kà á sí tuntun, ẹni tó ti gba májèlé kò sì ní rí oògùn. Nítorí náà wọ́n fi ẹrù àtijọ́ sínú ìdì tuntun, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ báyìí: 5.6.1+really5.4.5-1. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Lasse Collin fúnra rẹ̀ gbé 5.6.2 jáde, lẹ́yìn tó ti fa gbogbo èpò inú rẹ̀ tu.