Afẹ́fẹ́ Ló Ń Ti Omi Gòkè

Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ fa omi kànga bomi rin ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ẹ̀rọ ń kùn, iná wà, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan kò jáde. Lánàá, yàà ló ń tú. Onítọ̀hún á tú ìdérí kékeré tó wà lórí ẹ̀rọ, á fi kẹ́tù rọ omi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní hó kutukutu mọ́, á dé e pa, á sì tún tanná sí i. Láìpẹ́, páìpù á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, omi á sì dé.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ní láti mu omi kó tó fún wa lómi? Ilẹ̀ Ìtálì ni ìdáhùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1638, wọ́n tẹ ìwé kan tí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìtálì, kọ jáde nílùú Leiden ní Netherlands. Nínú rẹ̀, ẹnì kan sọ nípa pọ́ǹpù kan tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí omi inú ìkùdu lọ sílẹ̀. Ó pe oníṣẹ́ ọwọ́ kó wá tún un ṣe. Ọkùnrin náà ní kò sóhun tó ṣe pọ́ǹpù: omi ló ti jìn jù, kò sì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó lè fà á kọjá ìgbọ̀nwọ́ 18 ti ilẹ̀ wọn, ìyẹn nǹkan bíi mítà 10. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Galileo gbà á, ṣùgbọ́n ó rò pé ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ló ń já a, bí okùn tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn.

Torricelli, tó bá Galileo ṣiṣẹ́ ní oṣù mélòó kan tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ló rí i pé kì í ṣe fífà ni ẹ̀rọ ń fa omi. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Bí ẹ̀rọ bá ti kó afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, afẹ́fẹ́ òde tó tẹ ojú omi mọ́lẹ̀ ló ń ti omi gòkè. Ọ̀pá gíláàsì tó kún fún mẹ́kúrì ni wọ́n dorí rẹ̀ kodò sínú abọ́ láti fi dán èrò yìí wò, mẹ́kúrì sì dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76. Mẹ́kúrì fi nǹkan bí ìlọ́po 13.6 wúwo ju omi lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: omi á dúró ní mítà 10.3, ó sún mọ́ ibi tí oníṣẹ́ ọwọ́ náà ti ní omi á dúró.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1648, Périer, àna Pascal tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, gbé irú ọ̀pá yìí gun òkè Puy de Dôme ní Faransé láti tún dán èrò náà wò. Lórí òkè, mẹ́kúrì lọ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́.

Pọ́ǹpù ayé àtijọ́ ń fi awọ dí ojú ihò rẹ̀. Bí awọ bá gbẹ, wọ́n á rọ omi lé e lórí kó lè wú, kó sì dí. Èyí tó wà nínú ilé wa lónìí yàtọ̀: abẹ́ tó ń yí ló ń ju omi síta, irú èyí tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Appold fi han aráyé ní Lọ́ńdọ́nù lọ́dún 1851. Omi fi nǹkan bí ìlọ́po 800 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀, abẹ́ náà kàn ń yí lásán ni.

Nítorí náà, bí omi bá ń gbẹ nínú ẹ̀rọ léraléra, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ló yẹ ká wá. Ẹ rọ omi kún páìpù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bó bá fà lọ, ẹ kọ́kọ́ wo fáàfù ìdí páìpù inú kànga. Ewé tàbí iyanrìn lè há a lẹ́nu. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ páìpù: ibi tó bá fa ọṣẹ wọlé ló ń jò.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí omi kànga sì ti jìn ju mítà 7 tàbí 8 lọ, ẹ má dá ẹ̀rọ lẹ́bi: kò sí ẹ̀rọ ilé tó lè kó gbogbo afẹ́fẹ́ kúrò tán, kó fi dé mítà 10.3. Irú èyí tí wọ́n ń rì sínú omi ni kí ẹ rà.